Ìṣẹ́jú Àáyá Mọ́kànlá ní Èbúté Ajẹntínà

Kí n tó sọ ohun tí onífídíò Ìkìrun ṣe sí fíìmù mi, ó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí fíìmù Ajẹntínà ṣe dé ọwọ́ tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìmọ̀ ìtàn ní Inísà. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní onírọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló fi wọ́n ránṣẹ́. Ìyá kan náà ló bí wa, bàbá kan náà. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, a ò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ẹ̀gbọ́n ka àbúrò síra wa lára. Ní ìgbà tí gbogbo ọ̀dọ́ ń wá ọ̀nà àtijáde nílùú, ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ láti Èkó. Ó ní iṣẹ́ ìdáná ni òun ń ṣe nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, lẹ́tà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ajẹntínà, ilẹ̀ tí àwa kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ. Ó ní òun ti kúrò nínú ọkọ̀, òun ń ru ẹrù ní èbúté. Lẹ́tà kẹrin kò gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wá. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ló mú un wá bá ìyá wa nílé ní Òkukù, òun àti kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́ta tí wọ́n fi súwẹ́tà àtijọ́ wé.

Nínú lẹ́tà náà, ẹ̀gbọ́n mi ní kí a fara balẹ̀ wo ìkẹta. Ó ní àwọn tó ń ya fíìmù wá sí èbúté, wọ́n ní kí àwọn aláàárù máa kọjá lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, wọ́n sì fún wọn ní oúnjẹ ọ̀sán. Òun ni ẹni tó gbé àpò funfun lé èjìká, tó dé fìlà búlúù. Ó ní kí n fi han màmá.

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nìyẹn. Ọdún kan kọjá, èkejì tẹ̀ lé e, a ò gbọ́ ohunkóhun mọ́. Ohun tó wá kù tí ìyá wa lè fi ojú rí, tí wọ́n lè fi sọ pé ọmọ àwọn wà láyé, ni fọ́nrán dúdú tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kẹta yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Èmi kò ní ẹ̀rọ fídíò. Onífídíò tí mò ń wí yìí ní méjì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìkìrun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ń gbà lọ sí Òṣogbo. Ó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá kan, jẹnẹrétọ̀ kan tó máa ń wúkọ́ bí àgbàlagbà, àti bẹ́ńṣì mẹ́fà tó jẹ́ pé ìjọ rẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá. Òun àti ẹ̀gbọ́n mi jọ lọ ilé ìwé ni, nítorí náà bọ̀ọ̀dá ni mo ń pè é. Tíṣà ni òun náà ń pè mí, ó sì máa ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀. Ìjọ Aládùúrà ló ń lọ, ògbufọ̀ sì ni níbẹ̀. Bí oníwàásù àlejò bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí yóò máa dá a padà sí Yorùbá fún ìjọ. Ó mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé bí ìwàásù bá le, tirẹ̀ máa ń dùn ju ti oníwàásù lọ. Iṣẹ́ yìí ni ohun tó fi ń yangàn jù láyé, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù fídíò.

Àṣà yẹn náà ló gbé wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá fi fíìmù ilẹ̀ òkèèrè sí i, yóò dìde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, yóò máa túmọ̀. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá ó gbọ́ èdè náà.

Mo bi í. Ìgbà tí a wo fíìmù àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta náà ni, èyí tí mo fẹ́ràn jù títí di òní. Ọkùnrin arúgbó kan ni, olùṣọ́ ibùdókọ̀ rélùwéè. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan, koríko ibẹ̀ dà bí ti ìgbà ọyẹ́. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n láràárọ̀ ni bàbá yìí ń gbá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tẹ̀, tí ó ń nu agogo tí ẹnikẹ́ni kì í lù. Mo mọ bàbá yìí. Ní àwọn ọdún yẹn, ibùdókọ̀ rélùwéè tiwa ní Ìkìrun àti ti Òkukù ti ń di bẹ́ẹ̀ náà, ewúrẹ́ ń sùn níbi tí èrò ti máa ń dúró. Mo rí i tí bàbá náà mu nǹkan kíkorò kan láti inú kèrègbè kékeré, ó fi irin tóóró fà á mu, lẹ́yìn náà ó gbé e fún àlejò rẹ̀, ẹni yẹn náà sì fi ẹnu sí irin kan náà. Ìyá mi béèrè bóyá àgbo ni. Wọ́n ní ara àwọn méjèèjì kò dá nìyẹn. Wọ́n tún ní ta ni kì í kọ́kọ́ fọ ẹnu irin kó tó gbé e fún ẹlòmíràn.

Bàbá yìí kì í sọ̀rọ̀. Mo kà á: ní ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, gbólóhùn mẹ́sàn-án ló sọ. Onífídíò sọ tó ọgọ́ta fún un. Ó mú kí bàbá náà gbàdúrà. Ó mú kí ó kábàámọ̀ pé òun fẹ́ ìyàwó kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí obìnrin kankan nínú fíìmù náà. Nígbà tí iná lọ tí a ń dúró de jẹnẹrétọ̀, mo bi í pé níbo ló ti kọ́ èdè Sípéènì tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀.

“Tíṣà,” ó ní, “ojú bàbá yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Ojú ni mò ń túmọ̀.”

Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ mú ìwé kékeré kan dání tí mo ń kọ ohun tó bá fi kún fíìmù sílẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó fi kún un.

Fíìmù kejì ló jẹ́ kí ìfura mi fìdí múlẹ̀. Arábìnrin méjì kan ni, aránṣọ ni wọ́n, ilé kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí oníbàárà bá dé tó béèrè àbúrò, ẹ̀gbọ́n á ní ó ń wẹ̀, á ní ó ń sùn, á ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. A ò rí àbúrò náà rí. Gbogbo fíìmù náà, ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nìkan là ń gbọ́ láti yàrá kejì. Ní ìparí, ẹ̀gbọ́n ti fèrèsé, ó parí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é. Bí ìgbà tí ènìyàn bá tẹ àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn nínú òkùnkùn tí kò sì bá a níbẹ̀.

Olùkọ́ mi kan ní yunifásítì ní fíìmù yẹn kan náà, ẹ̀dà tí wọ́n kọ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá a nígbà ìsinmi, a sì jọ wò ó. Ẹ̀dà tirẹ̀ kò parí síbi fèrèsé. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n ti fèrèsé, ó wọ yàrá kejì, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́. Yàrá náà ṣófo. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti wá mú àbúrò lọ. Olùkọ́ mi ní ìgbà ìjọba ológun ní Ajẹntínà ni wọ́n gé ibẹ̀ kúrò, nítorí àwọn tó wà lórí àga kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa béèrè pé lágbájá dà. Abẹ́ ológun ni àwa náà wà nígbà náà, nítorí náà kò ní láti ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ padà, ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: bí ìṣẹ́jú kan bá sọnù nínú fíìmù, ẹnì kan wà tí ó fẹ́ kí ó sọnù. Ẹ wádìí ẹni náà.

Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo gbé padà sí Ìkìrun.

Fíìmù kẹta, ká má purọ́, kò dára. Akọ̀wé kan ní èbúté ń fi òǹtẹ̀ èké lu ìwé ìrìnnà, obìnrin kan ń sunkún, ọlọ́pàá kan ń mu sìgá. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú kọkànlélógójì, akọ̀wé náà dúró sí ìta ọ́fíìsì rẹ̀, ó ń mu sìgá, ó ń wo omi, àwọn aláàárù sì ń kọjá lọ lẹ́yìn rẹ̀ sídìí ọkọ̀ ńlá kan. Ẹni kẹrin gbé àpò funfun lé èjìká. Kò kọjú sí wa. Ẹ̀yìn rẹ̀ là ń rí, ó ń kéré sí i, ó ń lọ. Ṣùgbọ́n ó fi èjìká òsì ṣáájú bó ṣe ń rìn, bí bàbá wa ṣe máa ń rìn gan-an. Ìyá mi kò dúró kí n nawọ́ sí i. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ni, mo fi aago ọwọ́ mi wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ náà, mo sì tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́yìn rẹ̀.

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pàtẹ́wọ́. Onífídíò fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí i. Ó ní, “Ó ń sọ pé ẹ kú ilé o.” Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan nínú fíìmù náà, kò tilẹ̀ yíjú. Mo kọ èyí náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi dá a lóhùn. Wọ́n ní, “Ẹ kú ìrìn.” Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi, wọ́n béèrè bóyá ó ti jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ní àwọn ó fún un kí wọ́n tó ní kó gbé àpò.

Láti ìgbà náà, Sátidé Sátidé ni ìyá mi ń wọ bọ́ọ̀sì láti Òkukù. Wọn a sọ fún awakọ̀ kí ó dúró ní Inísà, màá wọlé tì wọ́n, a ó jọ dé Ìkìrun. Nígbà tí fọ́nrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbó, mo gbà kí onífídíò fi ẹ̀rọ rẹ̀ méjèèjì ṣe ẹ̀dà, kí ó máa fi ẹ̀dà hàn, kí ó sì tọ́jú ojúlówó sínú agolo mílíìkì níbi tí oòrùn kò ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní kó fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní fi ọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí bọ́ọ̀sì kò dúró fún mi mọ́. Sátidé àkọ́kọ́, mo rò pé ara ìyá mi kò yá ni. Sátidé kejì, mo lọ sí Òkukù lọ wò wọ́n, wọn kò sí nílé. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní àwọn lọ kí ẹnì kan ní Eko Ende. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, tíṣà kan tí a jọ ń kọ́ni bi mí pé kí ló dé tí ìyá mi nìkan ń dá jókòó ní ilé fídíò Ìkìrun. Ìyá mi kì í parọ́. N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu wọn rí kó tó di ìgbà náà. Mo wá bi ara mi léèrè pé ta ló ń kọ́ wọn.

Mo mú ọjọ́ Ọjọ́rú kan nígbà ìsinmi, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo lọ sí Ìkìrun. Onífídíò nìkan ni mo bá, ó ń nu orí ẹ̀rọ. Mo ní mo fẹ́ wo ìkẹta. Ó kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ kò dára. Mo ní méjì ni ẹ̀rọ. Ó ní ẹnì kan yá kásẹ́ẹ̀tì náà lọ. Mo na ọwọ́ sí i lórí pákó níbi tó wà, ìkọ̀wé ọwọ́ mi sì wà lára rẹ̀. Ó ní kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì, mo sì mú aago mi kúrò lọ́rùn ọwọ́, mo gbé e sórí itan.

Nígbà tó rí i pé n kò ní dìde, ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, ó sì jáde lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Kò túmọ̀ nǹkan kan.

Ní ìṣẹ́jú kọkànlélógójì, ìlà funfun la àwòrán náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Akọ̀wé ń mí èéfín padà sẹ́nu. Ẹyẹ ojú omi ń fò sẹ́yìn. Láti ìdí ọkọ̀ ńlá yẹn, àwọn aláàárù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn kọjá lọ́dọ̀ wa, wọ́n ń tẹsẹ̀ mọ́rìn bí ẹni tí wọ́n ń fà lókùn. Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú wọn, tòun ti àpò rẹ̀. Ó ń tóbi sí i, ó ń tóbi sí i, lẹ́yìn náà ó jáde kúrò níbẹ̀. Mo wo aago. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin.

Mo dìde. Mo ní, “Kí lẹ ṣe sí ẹ̀gbọ́n mi?”

Ó ní, “Ẹ má bínú, tíṣà. Ojúlówó wà nínú agolo, kò sí ohun tó ṣe é.”

“Ta ló ní kí ẹ ṣe é?”

Ó wo bẹ́ńṣì tó wà níwájú, èyí tí ìyá mi máa ń jókòó sí. Mo rí i tó wò ó, n kò sì mọ ohun tí mo rí. Ó ní, “Èmi ni mo ṣe é.”

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí mo ṣe bi í tó. Mo padà sí Inísà pẹ̀lú oríṣiríṣi ìfura. Bóyá ó ń fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe ẹ̀fẹ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀. Bóyá ó ń fi ìyá mi ṣeré. Bóyá ẹnì kan ti sọ fún un pé ó yẹ kí á máa mú kí ènìyàn fi ẹ̀yìn rìn nínú àwòrán fún ìdí kan tí n kò fẹ́ mọ̀. Mo jókòó sídìí tábìlì, mo kọ ìwé ẹ̀sùn sí àwọn àgbà ìjọ rẹ̀, ojú ìwé mẹ́ta, orí-ẹ̀sùn méje. Gbólóhùn ọgọ́ta tó kó sẹ́nu bàbá olùṣọ́ rélùwéè wà níbẹ̀. “Ẹ kú ilé” tí ẹ̀gbọ́n mi kò kí wa wà níbẹ̀. Irọ́ mẹ́ta tó pa ní Ọjọ́rú wà níbẹ̀, ní títò. Ẹ̀sùn keje ni pé ó da ìrìn ẹ̀gbọ́n mi rú, ó sì jí ìṣẹ́jú àáyá méje nínú mọ́kànlá tí ìyá wa ní.

Wọ́n kà á sókè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi, gbogbo ìjọ wà níbẹ̀. Wọ́n bi í bóyá ó rí bẹ́ẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó wà láìwọ bàtà bí gbogbo wọn. Ó ní, “Mo jẹ̀bi.” Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé, ó ní kò sí àlàyé. Wọ́n gba ipò ògbufọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Wọ́n ní ẹni tí kò lè jẹ́ olóòótọ́ nínú fíìmù, báwo ni yóò ṣe jẹ́ olóòótọ́ nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹ̀yìn ló jókòó sí títí tí wọ́n fi parí. Mo jáde níbẹ̀ bí ẹni tó borí ẹjọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé wa. Ó ní ìyá mi ní kí n wá, kí n má sì jẹun kí n tó wá.

Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Òkukù, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀, wọn kò ní kí n dìde. Nígbà tí mo dìde fúnra mi, wọ́n ní, “Èmi ni.”

“Ẹ̀yin ni ẹ ṣe kí ni, màmi?”

“Èmi ni mo ní kó dá ọmọ mi padà.”

Wọ́n sọ ọ́ fún mi bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gúsí lọ, wọn kò gbójú sókè. Ní Sátidé kan tí mo lọ sí ìpàdé àwọn tíṣà, àwọn nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Fíìmù ti parí, àwọn ti ń wé gèlè láti lọ wọ bọ́ọ̀sì. Onífídíò ń dá kásẹ́ẹ̀tì náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kò sì pa àwòrán. Wọ́n kàn gbójú sókè ni, wọ́n rí ọmọ wọn tó ń bọ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀. Wọ́n ní kí ó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí ó fi í sínú fíìmù bẹ́ẹ̀, kí àwọn má baà máa kọ́kọ́ rí i tó ń lọ kí ó tó bọ̀. Wọ́n ní kò fẹ́ gbà. Ó ní òun ti fọwọ́ sí ìwé fún tíṣà. Wọ́n kúnlẹ̀ fún un. Àgbàlagbà bí ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un, kí ni kó ṣe?

Mo ní, “Màmi, ẹ̀rọ ló ń dá a padà. Kì í ṣe òun ló ń bọ̀.”

“Ṣé o rò pé n kò mọ̀ ni? Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, mo sì ti sin méjì. N kò gọ̀.” Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù lọ́wọ́. “Ẹ̀ẹ̀kan la ń sin arìnrìn-àjò sọ́nà. Ìgbà mélòó lèmi ti sin tèmi? Gbogbo Sátidé ni mo ń jókòó sórí bẹ́ńṣì tí mò ń wo ẹ̀yìn ọmọ mi tó ń wọ ọkọ̀ lọ. Ó rẹ̀ mí.”

Mo sọ ohun tí mo mọ̀. Mo ní kò tilẹ̀ pé, ìṣẹ́jú àáyá méje ti sọnù níbẹ̀, ó yára jù.

Wọ́n da ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó sínú igbá. Wọ́n ní, “Ẹni tó ń bọ̀ wálé kì í rọra rìn.”

Mo béèrè ìdí tí wọ́n fi fi pa mọ́ fún mi. Wọ́n wò mí fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn mọ̀ mí, wọ́n ní mo máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Àwọn ló ní kí onífídíò búra pé kò ní sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Mo rò pé ohun tí mo bá fi ìwé kọ, ìwé náà ló lè pa á rẹ́. Mo lọ bá olórí àwọn àgbà ìjọ, mo ní mo fẹ́ gba ìwé ẹ̀sùn mi padà. Bàbá náà fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún mi pé ẹ̀sùn tí wọ́n kà ní gbangba, a kì í gbà á padà ní kọ̀rọ̀. Kí n wá lọ́jọ́ ìsinmi, kí n sọ fún ìjọ ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ mi rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Mo gbé e wò láti gbogbo ìhà. Bí mo bá sọ òtítọ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́ yóò ti dé Òkukù pé ìyá tíṣà ń fi fídíò pe ọmọ rẹ̀. Àwọn kan yóò ní orí wọn ti yí. Àwọn kan yóò ní wọ́n ti mọ̀ pé ọmọ náà ti kú ni wọ́n ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọ náà, nínú àánú wọn, lè mú wọn jáde síwájú kí wọ́n yí wọn ká fún àdúrà. Bí mo bá sì dákẹ́, ọkùnrin tó pa àṣírí ìyá mi mọ́ yóò máa jókòó sẹ́yìn. Fún ẹni tó lọ yunifásítì láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rí gbe ẹ̀rí, ọ̀nà tó kù fún mi kò pọ̀.

Mo bọ́ bàtà mi sẹ́nu ọ̀nà, mo dúró níwájú ìjọ. Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, aago mi ni kò péye. Mo kà á ṣì.” Mo ní nígbà tí mo wọlé, ẹ̀rọ ló ń dá kásẹ́ẹ̀tì padà, èmi ni mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni fíìmù náà ṣe wà. Mo ní kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀, mo sì fa ẹ̀sùn mẹ́fà tó kù náà ya.

Wọ́n bi onífídíò pé kí ló wá dé tó fi ní òun jẹ̀bi. Ó dìde láti ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ̀rù tíṣà ló bà mí. Ṣé ẹ rí bí ìwé yẹn ṣe gùn tó?” Ìjọ rẹ́rìn-ín, olórí àwọn àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó níwájú ní kí n lọ ra aago mìíràn, kí n tó fi ìyẹn sọ ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n. Wọ́n dá ipò rẹ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà. Oníwàásù àlejò wà níbẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀. Mo fetí sílẹ̀ dáadáa. Ó fi nǹkan mẹ́rin kún un, n kò sì kọ wọ́n sílẹ̀.

Ó pẹ́ kí àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tó jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí agogo ilé ìwé bá lù, ẹnì kan á ní kí a má gbà á gbọ́, kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ mi. Títí di òní ni mo ń fura pé àwọn kan nínú ìjọ yẹn mọ̀. Olórí àwọn àgbà bọ̀ mí lọ́wọ́ pẹ́ jù nígbà tí mo ń jáde.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, bọ́ọ̀sì dúró ní Inísà. Ìyá mi sún fún mi. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, onífídíò wò mí, ó mú kásẹ́ẹ̀tì ojúlówó sí ọwọ́ kan, ẹ̀dà sí ọwọ́ kejì. Ó ní, “Tíṣà, èwo ni ká fi sí i?”

Mo ní, “Èyí tó ń bọ̀.”

Ìyá mi ti lọ báyìí síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ ọ́. Lẹ́tà karùn-ún kò dé. Nínú gbogbo ẹ̀sùn mi, ọ̀kan ṣoṣo ni n kò tíì fà ya, kì í sì í ṣe onífídíò ló wà fún. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó mọ̀ pé wọ́n ń ya àwòrán òun. Ó mọ̀ pé ìyá wa máa wò ó. Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá ló ní, kò sì yíjú.

Aago náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò tíì yẹ̀ rí.